Ẹ̀yin tí òbí yín ń lọ sí Mẹ́kà, ẹ má di ẹrù pa wọ́n

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ìyá kan ní àdúgbò Pópó Yemọja, nílùú Ìbàdàn, ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá àwọn yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò kí àwọn tó gbéra lọ sí Mẹ́kà. Ìyá náà ti lé ní ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rin. Mo gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó di ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀jẹ̀ ìyá kò burú, oògùn tí wọ́n ń lò ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni báàgì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn.

Kì í ṣe báàgì ńlá tó ń lọ sínú ikùn ọkọ̀ òfurufú ni mò ń sọ o. Èyí tí ìyá fẹ́ máa gbé kiri ní Mínà àti Àráfà ni. Àwọn ọmọ wọn ti kó kúbùsù ńlá sí i, wọ́n kó sítóòfù kékeré kan, ìkòkò, gàárì, èlùbọ́, aṣọ àńkárá márùn-ún, bàtà méjì àti fúláàsìkì onírin. Mo ní kí n gbé e wò, ejìká mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, ta ló máa bá yín gbé e?"

Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run ni."

Mo ní, "Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́ o, ṣùgbọ́n ejìká yín ni báàgì yìí máa gùn."

Ìyá rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn, nítorí owó ni wọ́n fi ra gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin náà rántí bí ọ̀rọ̀ owó Hájì ṣe rí lọ́dún náà. Àwọn èèyàn ti san owó tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ náírà, wọ́n rò pé ó ti tán, àfi bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n tún mú ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin náírà wá ní oṣù Kẹta ọdún 2024, nítorí pé dọ́là ti gbówó lórí. Ọmọ tó ti ta ilẹ̀, tó ti yá owó ẹgbẹ́, kí ìyá rẹ̀ lè dé Mẹ́kà, kò yẹ kó tún máa ra ẹrù tí kò ní wúlò.

A tú báàgì náà palẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí a yọ, ohun tí a fi sílẹ̀ àti ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí.

ÌRÌN ỌJỌ́ MÁRÙN-ÚN NI

Ẹni tí kò lọ rí máa ń rò pé inú hòtẹ́ẹ̀lì ni àwọn alálàájì ń wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Iléyá, èrò á kó lọ sí Mínà, wọ́n á sùn lábẹ́ àgọ́. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, wọ́n á lọ sí pápá Àráfà, tó tó nǹkan bíi kìlómítà 20 sí Mẹ́kà, wọ́n á sì wà níbẹ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Musidálífà ni wọ́n ń sùn. Orí ilẹ̀ gbalasa ni o. Kò sí àgọ́, kò sí bẹ́ẹ̀dì, ojú ọ̀run ni òrùlé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí í ṣe ọjọ́ Iléyá gan-an, wọ́n á padà sí Mínà lọ sọ òkò, wọ́n á tún wà níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta sí i.

Bọ́ọ̀sì wà, ọkọ̀ ojú irin náà wà fún àwọn kan, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló ń parí ìrìn náà. Báàgì ńlá á wà ní hòtẹ́ẹ̀lì ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí. Báàgì kékeré ló ń bá àgbàlagbà rìn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2024 yẹn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà, ooru tí wọ́n wọ̀n ní Mọ́sáláásí Ńlá Mẹ́kà dé 51.8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ara èèyàn tó dá ṣáṣá kì í ju nǹkan bíi 37 lọ. Ìjọba Saudi Arabia fúnra rẹ̀ kéde pé èèyàn 1,301 ló kú. Wọ́n ní ó lé ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá wọn tó jẹ́ àwọn tí kò gba ìwé àṣẹ, tí wọ́n rin ọ̀nà jíjìn nínú oòrùn láìsí ibòji. Ẹ ṣe àkíyèsí ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa: ìrìn gígùn nínú oòrùn, láìsí ibòji. Hájì ń fi nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá sún síwájú lọ́dọọdún, nítorí náà ó ti ń jáde díẹ̀díẹ̀ kúrò nínú àwọn oṣù tó gbóná jù. Síbẹ̀, oòrùn ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ oòrùn Ọjàaba.

Ara àgbà kò rí bíi ti ọ̀dọ́ lábẹ́ oòrùn. Kì í làágùn tó, òùngbẹ kì í sì í tètè gbẹ ẹ́ kódà nígbà tí omi ti tán lára rẹ̀. Bí ẹ bá tún wá gbé ẹrù tó wúwo lé e lẹ́yìn, ọkàn á máa sáré, ooru inú ara á máa pọ̀ sí i. Yorùbá ní a kì í ru ẹran erin lórí ká tún máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Ìjọsìn ni ẹran erin tí òbí yín gbé. Ẹ má fi ìrẹ̀ kún un.

PÍỌ̀ WỌ́TÀ MẸ́JỌ, KÒ GBỌDỌ̀ JÙ BẸ́Ẹ̀ LỌ

Àwọn òyìnbó tó máa ń gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń rin inú igbó àti orí òkè fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ní ìlànà kan: ẹrù ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara ẹni lọ. Ẹni tó bá wọn kílò 60 lè gbé kílò 12. Ọ̀dọ́ tí egungun rẹ̀ le ni ìyẹn wà fún. Fún àgbàlagbà tó ti ní oríkèé ríro tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kó má ju kílò mẹ́rin lọ, kí omi mímu sì wà nínú rẹ̀.

Bí ẹ kò bá ní òṣùwọ̀n nílé, ẹ má wulẹ̀ ra. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan tó bá gba sẹ́ńtílítà 50 wọn ìdajì kílò. Mẹ́jọ rẹ̀ jẹ́ kílò mẹ́rin. Ẹ kó píọ̀ wọ́tà mẹ́jọ sínú ọ̀rá kan, ẹ gbé e lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ gbé báàgì òbí yín lọ́wọ́ òsì. Bí báàgì bá wúwo ju omi lọ, ẹ yọ nǹkan kúrò. Ohun tí a ṣe ní Pópó Yemọja nìyẹn, ìgbà mẹ́rin ni a sì yọ nǹkan kí ọwọ́ méjèèjì tó dọ́gba.

BÁÀGÌ FÚNRA RẸ̀

Báàgì tó ṣeé gbé kọ́ èjìká méjèèjì ló dára jù. Èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká kan máa ń fa ọrùn àti ẹ̀yìn sí ẹ̀gbẹ́ kan, àgbàlagbà á sì máa rìn wọ́gọwọ̀gọ. Ẹ wo báàgì tí okùn rẹ̀ fẹ̀, tó ní tìmùtìmù díẹ̀, tó tún ní okùn tínrín tí a lè dè mọ́ àyà. Kí ó fúyẹ́ nígbà tí kò tí ì sí ohunkóhun nínú rẹ̀. Báàgì aláwọ tó dára lójú lè ti gba ìdajì ìwọ̀n tí a fún yín kí ẹ tó fi aṣọ kan sí i.

Ẹ kò nílò báàgì tuntun. Nínú òkìríkà ni ẹ ti máa rí báàgì àwọn tó ń rin òkè lókè òkun, tí wọ́n fi aṣọ ọ̀rá tó fúyẹ́ rán, owó rẹ̀ kì í sì í tó ti tuntun tó ń tàn lójú. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fa síìpù rẹ̀ lọ, ẹ fà á bọ̀ ní ìgbà mẹ́wàá. Ẹ fa okùn rẹ̀ níbi tí wọ́n ti rán an mọ́ báàgì. Ẹ nà án sójú oòrùn kí ẹ wò ó bóyá ó lu. Tí ẹ bá délé, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ dáadáa nínú oòrùn.

Aṣọ kan náà àti báàgì kan náà ni àwọn èrò ìpínlẹ̀ kan sábà máa ń gbà. Nítorí náà, ẹ ya àdìrẹ pẹlẹbẹ kan, ẹ so ó mọ́ etí báàgì, kí ìyá lè dá tiwọn mọ̀ láti òkèèrè.

IBÙSÙN ALẸ́ KAN

Ẹnìkan sọ fún àwọn ọmọ ìyá yìí pé kí wọ́n ra àgọ́ kékeré àti bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Mo ní kí wọ́n tọ́jú owó wọn. Àgọ́ wà ní Mínà, ohun tí wọ́n á sùn lé sì wà nínú rẹ̀. Musidálífà nìkan ni ìyá ti máa nílò ibùsùn tiwọn, alẹ́ kan péré sì ni.

Ẹní rọ́bà tó ṣeé ká, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Ọjàaba, tó fún ìyẹn. Kì í gba omi, kì í gba eruku, bí ẹ bá sì nù ún, ó ti mọ́. Ẹ ra èyí tó gùn tó ìdúró òbí yín, kì í ṣe ti ẹlẹ́ni mẹ́ta. Ìró òwú kan tó fẹ̀ á ṣe bí aṣọ ìbora, òun náà ni wọ́n á ká ṣe ìrọ̀rí lọ́sàn-án. Kúbùsù ńlá ò wúlò rárá. Bàbá tó bá wà nínú aṣọ ìhíráámù, ìyẹn aṣọ funfun méjì tí wọn kì í rán, ẹ rán an létí pé kò gbọdọ̀ bo orí nígbà tó bá ń sùn.

Ìrọ̀rùn wà nínú ẹ̀sìn fún àwọn tí ara wọn kò le. Àyè wà fún arúgbó àti aláìsàn láti kúrò ní Musidálífà lẹ́yìn ọ̀gànjọ́ òru, kí wọ́n má baà bá èrò fún ara wọn pa, àyè sì wà kí ẹlòmíràn bá wọn sọ òkò. Ẹ bi àáfà yín léèrè kí òbí yín tó lọ, kí wọ́n má baà rò pé àwọn ń ṣe ọ̀lẹ.

AGBOÒRÙN ÀTI OMI

Bó bá jẹ́ pé owó nǹkan kan péré ló kù lọ́wọ́ yín, ẹ fi ra agboòrùn. Ẹ ra èyí tó mọ́ lára, funfun tàbí aláwọ̀ fàdákà, tó ṣeé ká. Ẹ ṣí i, ẹ pa á dé ní ọjà níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú ni irin wọn máa ń ṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ibòji tí èèyàn ń gbé kiri ni agboòrùn, kò sì wúwo.

Omi ni ẹrù tó wúwo jù: lítà kan, kílò kan. Ẹ má di lítà mẹ́ta lé àgbàlagbà lẹ́yìn. Omi wà káàkiri ibẹ̀. Ike omi tó gba sẹ́ńtílítà 50 tàbí 75 tó, kí wọ́n máa bu omi sí i lóòrèkóòrè. Ẹ lè lo ike omi tí ẹ ti rà mu, tí ìdérí rẹ̀ ṣì le, ẹ fi okùn so ó lọ́rùn kí ó má baà sọnù. Ẹ kó ORS, ìyẹn ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi, bíi mẹ́fà sínú báàgì. Ẹ ka iye omi tí wọ́n kọ sára rẹ̀, iye yẹn gan-an ni kí ẹ fi pò ó. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín, kó bi dókítà rẹ̀ léèrè kó tó lò ó. Ìnura kékeré tí a rẹ sínú omi, tí a gbé ká ọrùn, máa ń tu ara dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí àwọn ìyá kì í fẹ́ sọ síta. Ọ̀pọ̀ wọn kì í mu omi ní Àráfà nítorí pé èrò pọ̀ nílé ìtọ̀, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé ìtọ̀ á gbọ̀n àwọn nínú bọ́ọ̀sì. Àìmu omi yẹn ló ń dá wọn dùbúlẹ̀. Pámpà àgbàlagbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú báàgì kò wúwo, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ṣe àlùwàlá, àáfà á ṣàlàyé fún wọn. Kí wọ́n ṣáà mu omi.

BÀTÀ

Orí bàtà ni kí owó yín lọ. Sálúbàtà tó ní okùn lẹ́yìn, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn tó sì rọ̀, ló dára jù. Ti bàbá kò gbọdọ̀ bo ọrùn ẹsẹ̀ nígbà tí wọ́n bá wà nínú ìhíráámù. Ẹ rà á ní oṣù kan ṣáájú, kí wọ́n máa wọ̀ ọ́ káàkiri ilé àti ọjà títí á fi mọ́ ẹsẹ̀ lára. Bàtà tuntun lọ́jọ́ ìrìn, egbò ni. Sílípáàsì rọ́bà kan tó fúyẹ́ á wà nínú báàgì nítorí bàtà tó bá sọnù lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláásí.

Ẹ̀yin tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ má fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí ilẹ̀ gbígbóná. Ẹsẹ̀ yín lè má mọ̀ pé òun ń jóná. Kí ẹnìkan bá yín yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò ní alaalẹ́.

OÒGÙN ÀTI ÌWÉ

Inú báàgì kékeré ni oògùn ń wà, kì í ṣe nínú báàgì ńlá tó lè má tètè dé. Kí ó pọ̀ ju iye ọjọ́ ìrìn-àjò lọ, nítorí ọkọ̀ òfurufú lè pẹ́. Kí ó wà nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú ìwé dókítà. Ẹ má tú u sínú ọ̀rá. Tramadol àti irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè dá wàhálà ńlá sílẹ̀ ní Saudi Arabia. Ẹ rántí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ará Kano tí wọ́n mú lọ́hùn-ún ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, nítorí pé ẹnìkan lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ báàgì tí tramadol wà nínú rẹ̀. Ìparí oṣù Kẹrin ọdún 2019 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ ti báàgì yín, kí òbí yín má sì gba ẹrù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ẹbí.

Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ ìnsúlínì, aṣọ tó tutù tí a wé mọ́ ọ̀rá tó wà á máa jẹ́ kí ara rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kan yìnyín gan-an. Kí dàbínù díẹ̀ wà nítòsí bí ṣúgà bá lọ sílẹ̀ lójijì. Ẹ fi bíléèdì tuntun, ti ara ẹni, sínú báàgì ńlá fún irun fífá. Bíléèdì àjọlò lè kó àrùn ẹ̀dọ̀ àti kòkòrò HIV ranni. Ọṣẹ àti ìpara tí kò ní òórùn dídùn ni kí ẹ rà, nítorí ìhíráámù. Ẹ kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àìsàn àti oògùn òbí yín sórí káádì kan, ẹ so ó mọ́ wọn lọ́rùn pẹ̀lú káádì ìdánimọ̀ tí wọ́n bá fún wọn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣàdédé ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iyè rẹ̀ ti rá, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, tàbí tó dákú, ẹ gbé e sí ibòji kíá, ẹ rẹ ara rẹ̀ sómi, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹnìkan sáré pe àwọn elétò ìlera. Ẹ má da omi sí i lẹ́nu bí kò bá mọ ibi tó wà.

OHUN TÍ A YỌ KÚRÒ

Sítóòfù la kọ́kọ́ yọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1997, iná sọ láàárín àwọn àgọ́ Mínà. Èèyàn 343 ló kú, àwọn tó fara pa sì lé ní 1,500. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ibẹ̀ fi àgọ́ tí iná kì í ràn rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fòfin de sítóòfù gáàsì níbẹ̀. Ìkòkò àti èlùbọ́ tẹ̀lé e. Gàárì ìwọ̀nba kékeré ló kù, nítorí ìyá ní àwọn ò lè lọ láìmú un dání. Àńkárá márùn-ún di ẹyọ kan pẹ̀lú aṣọ ìjọsìn. Fúláàsìkì onírin padà sí kọ́bọ́ọ̀dù.

Àwọn bàbá ńlá wa tó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Mẹ́kà láyé àtijọ́, láti ilẹ̀ Haúsá gba Borno dé Sudan, ọdún gbọọrọ ni wọ́n ń lò lọ́nà, àwọn mìíràn ò tilẹ̀ padà mọ́. Ìran wọn ṣì wà ní Sudan dòní. Ẹni tó bá fẹ́ rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò lè kó ilé rẹ̀ dání.

Ẹ DÁN AN WÒ NÍLÉ

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí wọ́n tó lọ, kí òbí yín bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní àárọ̀ kùtùkùtù. Láti Pópó Yemọja, ìyá yìí ń gòkè lọ sí Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ti ṣí láti ọdún 1929, wọ́n ń padà. Báàgì lásán ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó di píọ̀ wọ́tà mẹ́rin, ó di mẹ́fà, ó di mẹ́jọ. Ọmọ wọn kan ń tẹ̀ lé wọn. Bí àyà bá ń dun òbí yín, tàbí tí wọn kò lè mí dáadáa, kí wọ́n dúró, kí ẹ sì gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Ó sàn kí ẹ mọ̀ nísàlẹ̀ òkè Mápó ju kí ẹ mọ̀ ní Àráfà lọ.

Ẹ̀yin Kristẹni tí òbí yín ń lọ sí Redemption Camp lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tàbí sí orí òkè àdúrà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà. Ẹní rọ́bà, agboòrùn, bàtà tó mọ́ ẹsẹ̀ lára àti oògùn inú páálí ò mọ ẹ̀sìn.

Ìyá padà dé láyọ̀ lọ́dún náà. Wọ́n ní àwọn rí obìnrin kan tó jókòó lórí báàgì rẹ̀ lójú ọ̀nà Mínà, tó ń sunkún, tí kò lè gbé e mọ́, tí kò sì lè fi sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn fún un ní omi, àwọn ṣíji agboòrùn bò ó títí tí ọmọ ìlú rẹ̀ kan fi dé. Mo bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ráyè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú èrò yẹn.

Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ọwọ́ mi ṣófo, ẹ̀yìn mi fúyẹ́. Kí ni ì bá dí mi lọ́wọ́?"

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ tọ́jú ara yín.